Ìrọ̀lẹ́ eré ẹṣin ní Galway: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Tí July bá ti fẹ́ máa parí báyìí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́. Ẹni tó wà ní Dublin á pè, ẹni tó fẹ́ wá láti London á fi voice note oníṣẹ́jú méje ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé Galway ni mò ń gbé àti pé mi ò kí ń pa ìrọ̀lẹ́ eré ẹṣin jẹ. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, kí n sinmi ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa sọ jù o, torí ní ọ̀sán, ibi iṣẹ́ ni mo máa ń wà.

Kí ni eré yìí gan-an, ibo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Galway wà ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, níbi tí atẹ́gùn òkun Atlantic ti ń fẹ́ lù wá tọ̀sán tòru. Pápá eré ẹṣin ibẹ̀ ń jẹ́ Ballybrit, bíi kìlómítà 6 sí àárín ìlú, orí òkè ló wà. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ ẹ máa rí pápá àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi òkúta ṣe ògiri yí ká, ẹ sì máa rí ilé olódi àtijọ́ kan tó ti wó, inú pápá eré gan-an ló wà, àwọn ẹṣin á máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé wọn ò rí i. Ọjọ́ 7 gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é, láti Mọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú July títí dé Sọ́ńdè.

August 1869 ni wọ́n kọ́kọ́ sáré níbẹ̀. Ọjọ́ 2 péré ni nígbà yẹn, wọ́n ní èrò tó wá tó ọ̀kẹ́ méjì, ìyẹn 40,000, débi pé inú Eyre Square láàárín ìlú làwọn kan pàgọ́ sí kí wọ́n lè ríbi sùn. Pápá yìí náà ni Póòpù John Paul Kejì ti ṣe Máàsì fáwọn ọ̀dọ́ ní September 1979, èrò ọjọ́ yẹn sún mọ́ 300,000, kò sì sẹ́ni tó wá wo ẹṣin.

Ọjọ́ wo ló dáa jù kí n wá?

Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Fúráìdeè ni ìrọ̀lẹ́ gidi. Wẹ́sìdeè ni Galway Plate, Tọ́sìdeè ni Galway Hurdle, àwọn eré ńlá méjì yẹn ni gbogbo Ireland máa ń gbọ́ nípa ẹ̀, Tọ́sìdeè náà sì làwọn obìnrin máa ń múra bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìyàwó. Èrò máa ń pọ̀ jù fún mi lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

Tèmi ni Mọ́ńdè. Eré ńlá ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn tí kì í ṣe jọ́kì tí wọ́n ń sanwó fún ló ń gùn ún, àwọn tó níṣẹ́ míì lọ́wọ́, àwọn ọmọ àgbẹ̀, àwọn ọmọ ilé tí wọ́n ti ń sin ẹṣin. Ẹ máa rí ìyá ẹnì kan nínú wọn tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ò ní ṣú ni?

Ìbéèrè mọ́mì mi nìyẹn nígbà tí wọ́n wá láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilé, ó máa ń rò pé tí aago bá ti lu méje ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Ní Galway ní ìparí July, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ á fi kọjá. Eré àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá, wọ́n á parí eré tó kẹ́yìn ní bí aago mẹ́jọ àbọ̀, oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ò ní pàdánù Màgáríbì, ẹ máa ti délé. Nǹkan bí aago méje yẹn, oòrùn á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo pápá á pọ́n wẹ́ẹ́ bí epo, òjìji ẹṣin á gùn ju ẹṣin fúnra ẹ̀ lọ.

Ṣé ó jọ Ojúde Ọba?

Kò jọ ọ́ rárá. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, ọ̀ṣọ́ ni ẹṣin ibẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ fún un ju ọkọ ìyàwó lọ, ìlù á máa dún, ìbọn á máa dún, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wọn wá kí Awùjalẹ̀, a ò bá ẹnikẹ́ni díje níbẹ̀ àfi nínú ẹwù. Ní Ballybrit ẹ̀wẹ̀ ìhòòhò ló kù díẹ̀ kí ẹṣin wà, gàárì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kéré bí àpò obìnrin. Ẹni tó bá múra níbẹ̀, èèyàn ni.

Ohun kan tó jọra ṣá ni pé ẹni tó mọ ẹṣin àti ẹni tí ò mọ ẹṣin ló jọ wà níbẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ ló sì máa ń pariwo jù.

Mo gbọ́ pé eré kan ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí la máa wá máa ṣe látàárọ̀?

Ìbéèrè tó dáa jù rè é, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Eré bíi 7 tàbí 8 ni wọ́n máa ń sá nírọ̀lẹ́ kan, òmíì ò pé ìṣẹ́jú 2, òmíì lè tó 6, àárín eré kan sí èkejì sì máa ń tó ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, eré gan-an ò pé wákàtí kan nínú gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn. Èmi lójú tèmi, àárín eré méjì yẹn ni ìrọ̀lẹ́ wà. Ẹni tó bá lọ jókòó síbi ọtí títí wọ́n á fi pariwo "wọ́n ti gbéra!" kò rí nǹkan kan, iṣẹ́jú mẹ́ta ló rí.

Ohun tí mo máa ń ṣe rè é. Bí wọ́n bá ti parí eré kan, ẹ má dúró, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tú gàárì. Ẹṣin tó wọlé á dé síbẹ̀, èéfín á máa yọ lára ẹ̀ bí ìkòkò àmàlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, iṣan á yọ gbọọrọ lọ́rùn, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ á máa da omi lé e lórí látinú báàkẹ́ẹ̀tì. Jọ́kì á tú gàárì fúnra ẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, á gbé e mọ́ra lọ síbi òṣùwọ̀n kí wọ́n lè rí i pé ìwọ̀n tó gbé jáde náà ló gbé wọlé. Tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán ni ẹ máa gbọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé "winner all right", ìgbà yẹn ni èsì dúró.

Kẹ́ ẹ tún wá kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń fa àwọn ẹṣin eré tó kàn yípo. Ọgbà roboto ni, àárín ẹ̀ koríko, àwọn tó ni ẹṣin á dúró sínú ẹ̀ pẹ̀lú tírénà, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ẹṣin wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín tí ò dénú. Ẹ lè sún mọ́ ọn dé ibi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ èémí ẹṣin. Mọ́mì mi dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, wọn ò mọ nǹkan kan nípa eré ẹṣin, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ewúrẹ́ rí. Wọ́n wo ẹṣin kan tó ń jó ẹsẹ̀, tó ń yí ojú funfun, wọ́n ní, "Wo àárín itan ẹ̀ lẹ́yìn, ó ń hó bí ọṣẹ. Eléyìí ti sá eré tiẹ̀ tán kí wọ́n tó ní kó sáré." Òótọ́ sì ni, ẹṣin tí ara ò bá balẹ̀ máa ń làágùn bẹ́ẹ̀, agbára tó yẹ kó fi sáré ni ìbẹ̀rù ti jẹ. Ìkẹyìn ló gbé.

Wọ́n ní flat, wọ́n ní hurdle, wọ́n ní chase. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Flat, eré lásán ni, kò sí ohun tí wọ́n ń fò. Hurdle, ọgbà kékeré tó lè tẹ̀ díẹ̀ tí ẹṣin bá fẹsẹ̀ gbá a. Chase, fẹ́ǹsì gidi tí wọ́n fi ẹ̀ka igi dì, ó ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Galway máa ń po gbogbo ẹ̀ pọ̀ nínú ìrọ̀lẹ́ kan, kì í ṣe gbogbo pápá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ireland náà ni wọ́n ní chase ti bẹ̀rẹ̀ o. Lọ́dún 1752, ọkùnrin méjì, Cornelius O'Callaghan àti Edmund Blake, fi ẹṣin bára wọn díje ní County Cork, wọ́n gbéra láti ṣọ́ọ̀ṣì Buttevant lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Doneraile, bíi kìlómítà 7, wọ́n ń fò gbogbo ògiri àti kòtò tí wọ́n bá lójú ọ̀nà. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ga ni wọ́n ń wò kí wọ́n má bàa ṣìnà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní steeplechase títí dòní.

Báwo ni tẹ́tẹ́ ibẹ̀ ṣe ń lọ? Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, àwọn búkì. Wọ́n á dúró lórí àpótí ní ìlà-ìlà níwájú ibi ìjókòó, kálukú pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó ń tan iná àti báàgì aláwọ tí wọ́n ń kó owó sí. Bọ́ọ̀dù á kọ orúkọ ẹṣin àti iye tí wọ́n máa san, bíi 4/1. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá fi €5 lé e tó sì wọlé, €20 ni èrè, wọ́n á tún dá €5 yín padà. Iye yẹn kì í dúró, bí owó bá ti ń wọlé sórí ẹṣin kan ni wọ́n á máa gé e, torí náà ẹ rìn lójú ìlà yẹn kẹ́ ẹ wo ti ẹni mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó mú owó jáde, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe ní ọjà Bódìjà náà ni. Iye tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni wọ́n máa san, bó bá yí padà lẹ́yìn náà kò kàn yín.

Ọ̀nà kejì ni Tote. Ìyẹn dà bí èsúsú tí ẹnì kan máa kó: gbogbo owó á wọnú agbada kan, wọ́n á yọ tiwọn, àwọn tó mú ẹṣin tó wọlé á pín ìyókù. Ẹ ò ní mọ iye tó máa kàn yín títí eré á fi parí.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù máa ń sọ pé "each way". Tẹ́ ẹ bá ní €5 each way, €10 lẹ máa san o, má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó ṣe yà mí lẹ́nu. €5 lọ sí pé kó ṣe ipò kìíní, €5 lọ sí pé kó ṣáà wà lára àwọn tó ṣáájú. Ká ní 10/1 ni, tí wọ́n sì ń san ìdá 1 nínú 5 fún ipò. Tó bá ṣe kejì, €5 àkọ́kọ́ ti lọ, ìkejì á mú €10 wá pẹ̀lú €5 yín, àpapọ̀ €15. Tó bá wọlé, €70 lẹ máa gbà. Tí ẹṣin bá tó 8 dé 15, ipò 3 ni wọ́n sábà máa ń san, tó bá jẹ́ handicap (mo máa ṣàlàyé ẹ̀ níwájú) tí ẹṣin ibẹ̀ tó 16, wọ́n á san ipò 4.

Ẹ tún gbọ́ èyí, owó ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ má ya tíkẹ́ẹ̀tì yín. Lọ́dún kan ẹṣin mi ṣe kejì, mo bínú, mo fa ìwé náà ya sí wẹ́wẹ́, mo fẹ́ lọ ra ice cream. Wọ́n bá kéde pé àwọn adájọ́ ń yẹ eré yẹn wò, ẹṣin tó ṣe kìíní ti gba ọ̀nà ẹlòmíì, wọ́n gbé e sẹ́yìn, tèmi ló wọlé. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń ṣa ìwé nínú koríko, kò sì pé.

Ṣọ́ọ̀ṣì mi ò fẹ́ tẹ́tẹ́. Ṣé mo ṣì lè wá?

Ẹ wá. Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Mo ti lo odindi ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ láì ná kọ́bọ̀ sórí ẹṣin, mo sì gbádùn ẹ̀ ju ọdún tí mo pàdánù €60 lọ. Ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, òfin ò fún un láyè láti ta á rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ti mú yín rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi káàdì báǹkì sílé.

Kí ló dé tí wọ́n ń di òjé mọ́ ẹṣin tó dáa?

Handicap nìyẹn. Òṣìṣẹ́ kan wà tó ń fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ń sáré bọ̀, èyí tó bá dáa jù ló máa gbé ẹrù tó wúwo jù, kí gbogbo wọn lè dé ẹnu òpin ní ìṣẹ́jú kan náà, ó kéré tán lórí ìwé. Tí jọ́kì bá fúyẹ́ jù, òjé pẹlẹbẹ ni wọ́n máa fi sábẹ́ gàárì. Bí àkọ́bí ṣe rí nínú ilé tiwa náà nìyẹn, ẹni tó bá ti ń ṣe dáadáa ni wọ́n máa ń di ẹrù lé. Ìdí nìyẹn tí tírénà fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ nípa ẹṣin tó ní agbára.

Níbo ni kí n dúró kí n lè rí nǹkan?

Pápá náà jẹ́ bíi kìlómítà 2 yípo, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí. Tó bá jẹ́ chase, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kan nígbà tó bá kù díẹ̀, inú ibẹ̀ ni fẹ́ǹsì méjì tó kẹ́yìn wà, wọ́n sún mọ́ra débi pé àwọn ará Galway máa ń fọ́nnu pé kò sí irú ẹ̀ ní pápá míì láyé. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè ni. Ó ju mítà 300 lọ, gígùn, líle. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dójú ti ẹṣin tó ń ṣáájú.

Torí náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi ìjókòó kẹ́ ẹ lọ fara ti ọgbà funfun tó wà létí ọ̀nà wọn. Ẹ ò ní kọ́kọ́ rí wọn. Ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, á máa lu yín látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ bí ẹni ń gúnyán nílé kejì, àwọn tó wà lókè lẹ́yìn yín á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ, kí fìlà àwọn jọ́kì tó yọ lókè koríko, pupa, búlúù, yẹ́lò. Nígbà tí wọ́n bá kọjá, ohùn lẹ máa gbọ́: awọ tó ń han, jọ́kì tó ń bú jọ́kì, èémí tó ń jáde ní "hù, hù, hù" pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ kan ta sí mi ní gíláàsì lójú rí, mi ò nù ún títí mo fi délé.

Kí ni kí n wọ̀?

Ohun tó wù yín, àfi bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó. Koríko ni, á máa rì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wé gèlè ní Tọ́sìdeè, ẹ wé e, ó máa ń ta yọ láàárín fìlà oníyẹ̀ẹ́ wọn, mo ti rí i tí wọ́n ń bẹ àǹtí kan kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ má wé èyí tó ga jù, ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà sanwó wọlé.

Summer ni wọ́n pè é o, kì í ṣe ooru. Bíi 15 sí 19 °C ni òtútù ibẹ̀, òjò sì lè rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nírọ̀lẹ́ kan, ó máa ń wá láti ojú òkun lójijì. Ẹ mú kóòtù òjò, ẹ má mú agboòrùn, atẹ́gùn á yí i padà bí ewé.

Ṣé wọn kì í fìyà jẹ àwọn ẹṣin yẹn?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹṣin máa ń ṣubú, òmíì kì í dìde. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n sáré gbé aṣọ gbàgede yí ibì kan ká lórí pápá, dókítà ẹranko ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn di ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹṣin lè wúwo tó 500 kg, kò sì lè dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta bí èèyàn. Tí ẹsẹ̀ kan bá fọ́ pátápátá, àwọn mẹ́ta tó kù á máa ru ẹrù tó ju agbára wọn lọ, pátákò wọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ látinú, ìrora lórí ìrora. Pàṣán tí jọ́kì mú dání, fóòmù ni wọ́n fi bò ó, òfin sì dá iye ìgbà tó lè fi nà án, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ wọ́n á fi ìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ò ní kí ọkàn mi balẹ̀ tán. Mo ti kúrò níbẹ̀ rí láàárín ìrọ̀lẹ́ torí aṣọ gbàgede yẹn, mi ò sì bá ẹni tó bá ní òun ò ní wá láé jà.

Ọmọdé ńkọ́?

Ẹ kó wọn wá. Ẹ kàn di ọwọ́ wọn mú, ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Oúnjẹ?

Chips àti burger, ó wọ́n. Ẹ jẹ ẹ̀bà kẹ́ ẹ tó jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn olóṣèlú ló pọ̀ níbẹ̀?

Tẹ́lẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ Fianna Fáil ní àgọ́ ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ń kówó jọ, àwọn kọ́ńtírákítọ̀ á wá jẹun pẹ̀lú mínísítà, gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pa á tì ní 2008. Ẹ má wò mí, èmi kọ́ ni mo ní ó jọ ti ibì kan tẹ́ ẹ mọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀, kí n sì padà?

Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra láti Eyre Square. Lílọ ò nira. Bíbọ̀ ni wàhálà, torí gbogbo èèyàn ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jáde kí eré tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dúró di wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀, àárín méjèèjì ò dáa. Àwa fẹsẹ̀ rìn lọ́dún kan, èmi gbé bàtà lọ́wọ́, ojú ọ̀nà ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Galway ti kún jù. Kò sí èyí tó kéré?

Ó wà. Kilbeggan ní Westmeath, ìlú kékeré lójú ọ̀nà Dublin sí Galway, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè ni wọ́n sábà máa ń sáré níbẹ̀ nígbà summer, òun nìkan sì ni pápá ní Ireland tó jẹ́ pé eré fífò nìkan ni gbogbo ọdún, ẹṣin ò ní jìnnà sí yín rárá. Ballinrobe wà ní Mayo, òun nìkan ni pápá eré ẹṣin tí Mayo ní, òun náà fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ tèmi, tẹ́ ò bá tíì rí ẹṣin sáré rí, Kilbeggan ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà ò ní irú ẹ̀ nílé ni?

A ti ní in rí, l'Ékòó gan-an. Ibi tí Tafawa Balewa Square wà lónìí, Rés Kọ́ọ̀sì làwọn àgbà ń pè é, ẹṣin ló ń sáré níbẹ̀ láyé òyìnbó, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n fa tiwa sókè lọ́dún 1960. Ẹ wo àwọn ère ẹṣin funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀.

Ẹ dárúkọ ẹṣin kan tó máa wọlé fún mi.

Ẹ má bi mí. Ẹ bi mọ́mì mi. Nírọ̀lẹ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹnu wọn lé ẹṣin tó ń làágùn kúrò, wọ́n mú eléérú kan, wọ́n ní ojú ẹ̀ tutù. Mo bá wọn fi €2 lé e. Ìkẹjọ ló gbé nínú mẹ́rìnlá. Mọ́mì pàtẹ́wọ́ fún un títí wọ́n fi mú un kọjá lọ, wọ́n ń kí i pé "o kú iṣẹ́, o kú ìrìn", ọmọbìnrin tó ń fà á ò gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú Bíbélì wọn ní Ìbàdàn, wọ́n ní kí n má sọ fún pásítọ̀.